Ìka Kan ní Èjìká Òsì

Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ mi bi mí ohun tí mo fẹ́. Mo ní mo fẹ́ lọ wo òkun, èmi nìkan. Ọmọ mi ọkùnrin ní òun á tẹ̀ lé mi. Mo ní rárá. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ní kí ni àgbàlagbà ń wá lọ sí etí òkun lóun nìkan, àbí mo ti ní ọ̀rẹ́kùnrin níbẹ̀? Mo ní bí mo bá ní in, ṣé òun ni màá kọ́kọ́ sọ fún? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ fún mi, wọ́n sì bá mi gba yàrá ọjọ́ mẹ́fà ní òtẹ́ẹ̀lì.

Irọ́ kọ́ ni mo pa fún wọn. Mo fẹ́ wo òkun lóòótọ́. Ohun tí mi ò sọ ni pé ìlú etí òkun yẹn ni àbúrò mi obìnrin ń gbé, ọdún kẹsàn-án sì rèé tí mo ti ń bínú sí i. Ìbínú mi kì í ṣe irú èyí tó ń hó tó sì ń rọlẹ̀. Aránṣọ ni mí. Ohun tí mo bá rán kì í tú.

Kíákíá là ń pe àbúrò mi nílé, torí kò sí ohun tó ń fi sùúrù ṣe. Mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Màmá wa ló kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ rírán, èmi náà sì kọ́ Kíákíá. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n rán, ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ yá ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹta tí Màmá ti wà lórí àìsàn, tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ, Kíákíá wá kí i. Ọjọ́ méjì péré ló lò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ti lọ kí n tó jí. Nígbà tí mo wọ yàrá iṣẹ́ mi, mo rí i pé bébà pátánì Màmá kò sí lórí ìṣó tí mo máa ń fi kọ́. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni Màmá kú. Mo ránṣẹ́ sí Kíákíá. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun. Kò wá sin ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bébà yẹn jẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àpò sìmẹ́ńtì ni Màmá gé e lára rẹ̀ nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìwọ̀n: iwájú ọ̀tún, iwájú òsì, ẹ̀yìn, apá méjèèjì, kọ́là. Lórí rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èjìká òsì Màmá fi ìbú ìka kan relẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni bébà sì ṣe rí. Nítorí náà, nígbàkigbà tí Màmá bá tẹ́ ẹ sórí aṣọ oníbàárà, á fi ṣọ́ọ̀kì gbé èjìká òsì sókè ní ìka kan kó tó gé e. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ò kọ ọ́ síbì kankan, a ò sì sọ ọ́ lẹ́nu. Ọwọ́ wa ló mọ̀ ọ́n. Kíákíá kì í dúró wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò mọ̀ ọ́n.

Ohun méjì ni mo bá lọ sí etí òkun: kí n gba bébà Màmá padà, kí n sì wo ojú Kíákíá nígbà tí mo bá ń gbà á. Bí mo bá sì rí òkun pẹ̀lú rẹ̀, a jẹ́ pé ó di mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.

Mo dé ìlú náà ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè. Òtẹ́ẹ̀lì mi jẹ́ ilé alájà mẹ́rin ní òpópónà kejì sí omi. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń ta òórùn ọṣẹ, iyọ̀ òkun sì ti jẹ irin fèrèsé rẹ̀ pọ́npọ́n. Ọmọbìnrin kan wà ní káńtà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé, tuntun ni.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin nìkan ni?"

"Èmi nìkan ni. Ṣé ẹ ò gba ẹyọ ènìyàn níbí ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "A gbà á o, Mà. Ẹni tó dá wá ló máa ń gbádùn jù. Kò sẹ́ni tó máa dúró dè, kò sẹ́ni tó máa bá a ṣe àríyànjiyàn."

Ó nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́ lára ògiri. Bó ṣe yí padà, ó fi ọwọ́ fa kọ́là rẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì fa etí ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì náà wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo wo ọrùn rẹ̀. Aṣọ náà wú láti ọrùn dé abẹ́ apá òsì, ó ká jọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ gbé àpò mi kọjá, òun náà fa kọ́là rẹ̀ sí ọ̀tún. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ dìde, ó fa tiẹ̀.

"Ta ló rán aṣọ yín yìí?" ni mo bi í.

"Aúńtí aránṣọ kan ní òpópónà àwọn oníbàtà ni, Mà. Kíákíá ni wọ́n ń pè é."

"Ó dára gan-an," ni mo wí.

Mo gòkè, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ọmọ jí bébà ìyá rẹ̀, kò sì wo ìyá náà dáadáa rí. Ó ti gbé èjìká Màmá wọ gbogbo òtẹ́ẹ̀lì láìmọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ mi ti pé, mo sì ní ọjọ́ mẹ́fà láti fi gbádùn rẹ̀.

Mo gbádùn rẹ̀. Ní Túsìdeè, mo jí kí oòrùn tó le, mo rìn lọ sí etí omi, mo bọ́ bàtà mi. Ìgbì àkọ́kọ́ tó kan ẹsẹ̀ mi tutù débi pé mo pariwo. Ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe wò mí, ó ní, "Màmá, òkun ti mọ̀ yín báyìí." Mo ra ẹja yíyan nínú bébà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo jẹ ẹ́ tán dé egungun láìsí ẹni tó ní kí n fi orí sílẹ̀ fún òun. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo jẹ orí ẹja kẹ́yìn. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí òdìkejì, mo gun ilé gogoro tó ń tanná fún àwọn ọkọ̀ òkun, mo fi ìsinmi mẹ́ta gùn ún. Nígbà tí mo dókè, mo dúró, mo sì wo omi tí kò lópin. Inú mi dùn. Mo sọ ọ́ sókè fún ara mi: "Inú mi dùn o jàre."

Gbogbo ibi tí mo dé ni mo ti ń wo èjìká. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì, òsì wú. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ, òsì wú. Ẹ mọ òwe tó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó dáa. Àgbà wà lọ́jà, èjìká gbogbo ọjà wọ́, àgbà sì jókòó, ó ń mu omi ọsàn rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò fún àlejò ní etí omi dá mi dúró. Ó ní kí n dúró síwájú òkun. Ó wo inú ẹ̀rọ rẹ̀, ó mi orí.

"Màmá, ẹ gbé èjìká òsì yín sókè díẹ̀."

"Báàgì mi ló wúwo," ni mo wí.

"Ẹ gbé báàgì náà sílẹ̀, Mà."

Mo gbé e sílẹ̀. Ó tún wò ó. "Ó ṣì kù díẹ̀."

Mo ní fọ́tò ni mo ní kó yà, mi ò ní kó wọ̀n mí. Mo gbé báàgì mi, mo sì bá tèmi lọ. Okùn rẹ̀ ń yọ̀ kúrò ní èjìká mi, mo ń dá a padà títí mo fi dé òtẹ́ẹ̀lì.

Lọ́nà, mo rí ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká nínú yanrìn, ọmọ náà sì tóbi ju ẹni à ń gbé lọ. Mo dúró wò wọ́n. Nígbà tí Kíákíá pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Eegun náà ò jọ ara wọn dáadáa. Ọdún méjì gbáko ni Màmá fi ń gbé e lọ sílé ìwé, tó ń gbé e bọ̀, ní èjìká òsì, torí ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gbé àpò ìwé àti agboòrùn. Ìgbà tí Kíákíá fi máa rìn, èjìká Màmá ti lọ sílẹ̀, kò sì gòkè mọ́. Ẹni tí wọ́n gbé náà ni kò rí i. Ẹ wò ó, mo tún bínú níbẹ̀, lórí yanrìn, níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ní àárọ̀ Wẹ́sìdeè, mo ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí máníjà òtẹ́ẹ̀lì wọlé. Obìnrin tó sanra bíi tèmi ni, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó dúró ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé oúnjẹ, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó kọ háà.

"Ẹ má bínú, Mà," ó sọ fún mi. "Bí ẹni tó sùn nínú aṣọ ni gbogbo wọn ṣe rí. Mo ti ní kí aránṣọ yẹn tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Tí kò bá tọ́ títí ọ̀sán Fúráìdeè, màá gba gbogbo iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó kù ní òpópónà yìí ò sì ní sún mọ́ ọn mọ́. Ó dùn mí, torí ó ti kọ gbogbo iṣẹ́ yòókù sílẹ̀ nítorí tiwa."

"Aránṣọ ni èmi náà," ni mo wí.

Ojú rẹ̀ tàn. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá mi wò ó. Kí lẹ rí?"

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo ní kó yí padà. Mo fi ọwọ́ tọ́ ojú rírán náà láti ọrùn dé apá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sí òwú kan tó yọ. Gbólóhùn kan ni òtítọ́ ibẹ̀: ẹ gbé èjìká òsì sókè ní ìka kan. Ó ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì pẹ̀lú tíì mi.

"Èjìká àwọn òṣìṣẹ́ yín ló rọ̀," ni mo wí. "Ẹ ní kó fi fóòmù sí i."

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì. Kó nípọn dáadáa."

Máníjà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí wọ́n fi ẹyin kún oúnjẹ mi. Mo jẹ ẹyin náà. Ó dùn.

Nígbà tó di àárọ̀ Tọ́sìdeè, ṣẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ tó ní fóòmù ti dé. Ọmọbìnrin káńtà wọ ọ̀kan. Bí ẹni tó fi ìrọ̀rí méjì sí abẹ́ aṣọ ló rí, ti òsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀. Mo ní kó dákun kó bá mi wo àkókò ọkọ̀ ojú omi, kí n má bàa rẹ́rìn-ín sí i lójú. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Aúńtí yẹn ló gbé e wá fúnra rẹ̀," ó wí. "Nígbà tí máníjà rí i, ó sọ̀rọ̀ sí i, Mà. Ó sọ̀rọ̀ sí i níwájú gbogbo wa. Ọmọ àádọ́ta ọdún, ó ń sunkún níbí yìí. Ó ní òun ti wọn olúkúlùkù wa lẹ́ẹ̀mẹta, òun ò mọ ohun tó ń ṣe òun."

Mo ní pẹ̀lẹ́. Mo jáde, mo rìn lọ sí etí omi, ṣùgbọ́n òkun ọjọ́ yẹn kàn ń pariwo ni. Ẹni bá ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o. Mo yí padà, mo sì béèrè ọ̀nà òpópónà àwọn oníbàtà.

Ṣọ́ọ̀bù Kíákíá wà láàárín ṣọ́ọ̀bù bàtà méjì, ó gùn, ó sì tínínrín. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì ni ó wà níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kún orí tábìlì, wọ́n kún orí àga, wọ́n rọ̀ mọ́ okùn. Ọmọlangidi aránṣọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì sí i lọ́rùn. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kíákíá ti ká páálí sí abẹ́ ẹsẹ̀ kan ọmọlangidi náà. Ó rò pé ọmọlangidi ló wọ́.

"Mi ò gba iṣẹ́ tuntun o," Kíákíá wí láìgbójú sókè, "àfi tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó wá gbójú sókè. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi ni."

Ó dìde, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, bó ti máa ń ṣe tó bá rẹ̀ ẹ́. Ó kó ṣẹ́ẹ̀tì kúrò lórí àga. "Ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ìgbà wo lẹ dé?"

"Mọ́ńdè. Mo wá gbafẹ́."

"Mọ́ńdè! Ẹ sì wà nílùú yìí láti Mọ́ńdè, ẹ ò yà?"

"Ìwọ náà mọ ọ̀nà ilé láti ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé mo bi ọ́?"

Mi ò jókòó. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ní fóòmù, mo gbé e sókè.

"Àlejò kan ní òtẹ́ẹ̀lì ló gba máníjà níyànjú ìyẹn," ó wí. "Ọlọ́run á san án fún un."

"Èmi ni."

Ó wo ojú mi. "Ẹ mọ̀ pé kò ní ṣe é."

"Mo mọ̀."

"A jẹ́ pé ẹ mọ ohun tó ń ṣe é."

"Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo ti dé káńtà òtẹ́ẹ̀lì."

"Ẹ sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la ni. Mo ti yẹ ẹ̀rọ wò. Mo ti yẹ téèpù wò, mo ra òmíràn. Mo ti tún ènìyàn wọ̀n. Tí oníbàárà bá wá wọ aṣọ wò níwájú mi, mo máa ń tún un ṣe sí i lára, ó sì máa ń tọ́. Àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì ni kò ráyè wá wọ̀ ọ́ wò. Gbogbo nǹkan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti yẹ̀ wò."

"Bébà ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Bébà Màmá? Bébà Màmá ò lè ṣàṣìṣe."

Ẹ gbọ́ mi, inú mi dùn débi pé mo ní láti di tábìlì mú. "Gbé e wá," ni mo wí. "Kọ́kọ́ gbé ohun tí o jí fún mi, ká tó sọ̀rọ̀."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tó wà lókè pátápátá, ó mú bébà náà jáde. Ó ti fi ọ̀rá wé e, ó fi aṣọ funfun wé ọ̀rá náà. Kò sí etí kan tó ya. Nígbà tó wà lọ́wọ́ mi, ìṣó ni mo fi ń kọ́ ọ, eruku sì máa ń bò ó. Mo gbà á, mo fi sínú báàgì mi. Ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú.

"Kí ló dé tí o ò wá sin ín?"

"Ọjọ́ méjì tí mo lò, kò dá mi mọ̀," ó wí. "Ẹ̀yin ló ń pè. Mo jókòó tì í, ó ń pè yín. Mo bá mú bébà náà, mo sá. Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ pé ó ti kú, mi ò lè wá wo ojú yín. Iṣẹ́ tí mo ní ó pọ̀ lọ́wọ́ mi, irọ́ ni."

"Mo gbọ́."

"Mo ti fún yín ní bébà. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe aṣọ náà."

"Mi ò ṣèlérí kankan fún ọ."

Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn, mo sì ti ṣe é. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó yé e pé mi ò ní sọ ọ́. Kò bú mi. Ó kàn mú ṣẹ́ẹ̀tì ńlá kan láti orí okùn, tí kò tíì fi fóòmù sí.

"Ti máníjà nìyí. Ìwọ̀n yín ò jìnnà síra. Ẹ bá mi wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó máa lọ, kí n wo ibi tó ti ń fà. Ìyẹn nìkan."

Ó yẹ kí n lọ. Ṣùgbọ́n ìkà tó wà nínú mi kò tíì yó. Mo ní kí n wọ̀ ọ́, kí n dúró síwájú dígí, kí n sọ fún un bó ṣe burú tó, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kó lè máa rántí rẹ̀. Mo gbé báàgì sílẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lé aṣọ mi, mo di bọ́tìnì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì kọjú sí dígí.

Kò fà níbì kankan.

Kọ́là jókòó sáàárín ọrùn mi. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Kò wú lábẹ́ apá òsì. Láti ọdún tí mo ti ń ránṣọ, mi ò wọ aṣọ tó bá mi mu tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé èjìká òsì mi sókè, aṣọ náà bàjẹ́. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún dára. Mo rántí ọkùnrin fọ́tò yẹn. Báàgì kọ́.

Kíákíá wá sẹ́yìn mi. Nínú dígí, mo rí i tó gbé ọwọ́ lé èjìká òsì mi, tó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lé e láti ọrùn dé apá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú rí láyé.

"Màmá," ó wí.

"Èmi kì í ṣe Màmá."

"Báwo ni tiyín náà ṣe dà báyìí?"

"Báwo ló ṣe máa dà?" Ìbínú ọdún mẹ́sàn-án yọ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, láti orí àga bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Lójoojúmọ́, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́! Èjìká yìí ló máa ń gbé orí lé. Ta lo rò pé ó ń gbé e nígbà tí o wà níbí? Ṣé òkun ni?"

Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Kíákíá lọ sídìí tábìlì, ó mú iwájú òsì àti iwájú ọ̀tún ṣẹ́ẹ̀tì kan tí kò tíì rán pọ̀, ó dojú ọ̀kan délẹ̀, ó gbé e lé èkejì. Kò ṣe irú ẹ̀ rí lójú mi, kì í gbé nǹkan lé ara wọn wò. Ó fi ìka rẹ̀ sí àlàfo tó wà láàárín èjìká méjèèjì. Ìka náà gba ibẹ̀ ṣáká.

"Ìka kan," ó wí. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, èyí tó ń fà. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Èmi ni. Èmi ni mo wà lórí èjìká yẹn."

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí n sọ ọ́ kó dùn ún. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì.

"Ẹ má bọ́ ọ," ó wí. "Tiyín ni. Màá rán òmíràn fún máníjà." Ó ti mú abẹ́rẹ́ ìtúṣọ, ó ti ń tú fóòmù dànù, ó ń tú ojú rírán èjìká òsì. Inú rẹ̀ ní àyè tó tó ìka méjì, torí èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa fi àyè sílẹ̀. Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò kánjú. Ojú rírán kan lẹ́yìn òmíràn ló ń tú.

Ní ọ̀sán Fúráìdeè, ọmọbìnrin káńtà wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dọ́gba. Ó yí níwájú mi, ó ní, "Mà, ẹ wò ó! Ó ti tọ́!" Máníjà sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé òun mọ̀ pé aránṣọ náà á rí i ṣe. Mo ní ó dára. Ohun tí mo wá fi pa á, òun náà ni mo fi gbà á sílẹ̀, èjìká ara mi ni mo sì fi ṣe é. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Àárọ̀ Sátidé ni mo máa padà sílé. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé náà, mo lọ sí etí omi, mo wá ọkùnrin tó ń ya fọ́tò rí. Ó dá mi mọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dúró síwájú òkun.

"Màmá, ẹ gbé èjìká òsì..."

"Yà á bó ṣe wà."

Ó yà á. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ ní méjì, ó tẹ̀ ẹ́ lójú mi nínú ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú àpótí rẹ̀. Mo fi ọ̀kan sínú báàgì mi pẹ̀lú bébà Màmá. Mo kọ̀wé sẹ́yìn èkejì, mo fún ọmọbìnrin káńtà pé kó bá mi gbé e lọ sí òpópónà àwọn oníbàtà. Mi ò tíì dárí jì í. Mo fẹ́ kó gbé e kọ́ sí iwájú ẹ̀rọ rẹ̀, kó máa wò ó lójoojúmọ́ tó bá fẹ́ gé aṣọ. Ohun tí mo kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni: "Ẹsẹ̀ rẹ ló bẹ̀rẹ̀ èyí. Tó o bá fẹ́ rí Màmá, wá sílé."